Àpò Tí Bustamam Kò Tú

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Ibú Siarau
Sí Ìyá Rosmanidar, sí Yulfitri àti Hendri, àti sí gbogbo ẹbí olóògbé ní ẹ̀bá afárá ìsàlẹ̀

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, àti ojú tí ìtìjú kò jẹ́ kó gbé sókè, ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Ibú Siarau fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú Bàbá Bustamam, ọkọ yín, baba yín, ẹni tó ṣọ́ ibú wa fún ọdún mẹ́sàn-án, tó sì fi ayé sílẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ogójì ọjọ́ sẹ́yìn. A mọ̀ pé ìwé ìkẹ́dùn kì í pẹ́ tó báyìí. Àkọ́kọ́ tí a kọ, ìlà mẹ́rin péré ni, ẹ sì dá a padà fún wa pẹ̀lú ìrẹsì àti aṣọ funfun tí a fi kún un. Ẹ ṣeun tí ẹ dá a padà. Àwa tí a kọ ọ́ kò gba ohun tí a kọ gbọ́.

Lèmọ́ọ̀mù ti gbà kí a ka èyí sókè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níwájú gbogbo ìlú àti àwọn ọmọ wa tó ti ẹ̀yìn odi dé, nítorí àwọn náà ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Torí tiwọn la ṣe máa tún ohun tí ẹ̀yin ti mọ̀ sọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, Ìyá Elmiyarti tó ń ránṣọ lẹ́bàá afárá òkè, ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wá pé kí a má fi òun pamọ́ sábẹ́ "àwa", pé níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan òun, kí a dárúkọ òun bí a ti ń dárúkọ ẹlòmíràn. A ti gbà fún un.

Ẹni tó bá rántí odò Siarau ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn á rántí pé kò sí ẹja níbẹ̀ mọ́ àfi èyí tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Iná bátìrì la ń tì bọ omi láti fi pa wọ́n. Ẹni tí kò bá ní bátìrì á da oògùn kòkòrò sómi, á sì jókòó sí ibi tí odò ń ṣàn lọ, á máa retí èyí tó bá kú. Bustamam wà lára àwọn oníbátìrì, kò sì fi í pamọ́ rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwọn àgbà pe ìpàdé pé kí a ya ibú náà sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi àwọ̀n, ìwọ̀ tàbí ọwọ́ kan ẹja ibẹ̀ mọ́ àfi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, òun ló kọ́kọ́ gbé bátìrì tirẹ̀ wá síwájú mọ́sáláṣí. Ó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Ẹ gbà á. Mo ti jẹ ẹja àwọn ọmọ mi tán, mi ò fẹ́ jẹ ti ọmọ-ọmọ mi."

Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbin oparun sí etídò láti afárá òkè dé afárá ìsàlẹ̀. Òun ló hun ọgbà oparun tó wà lẹ́nu ibú, tí omi ń gbà á kọjá tí ẹja ńlá kò lè gbà á jáde. Òun náà ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà nílùú yìí, torí pé àpò ọ̀rá tí a ń kó bọ̀ láti ọjà, odò ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọfí pé Bustamam ń gbé apẹ̀rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ó dá wọn lóhùn pé ìlara ló ń ṣe wọ́n torí pé òun rẹwà jù wọ́n lọ. Lọ́dún kan náà, apẹ̀rẹ̀ di nǹkan tí gbogbo wa ń gbé. Ọdún kẹta, ẹja garing inú ibú ti gùn tó apá àgbàlagbà.

Ó yẹ ká sọ ti ìbúra, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ti ibú, a ka Súrà Yáásín létí omi, a sì jọ búra pé ẹni tó bá jí ẹja ibú jẹ, kí inú rẹ̀ wú títí yóò fi jẹ́wọ́. Gbogbo wa ṣe àmín. Ti Bustamam ló ròkè jù. Ìbúra yìí ṣiṣẹ́ tí ọlọ́pàá kò lè ṣe, a kò purọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà la ti sọ ara wa di awonú-wonú. Ẹni tó bá sanra lẹ́yìn ààwẹ̀, a ó máa wò ó. Ìyàwó ilé tó bá lóyún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní kó tètè jẹ́wọ́ iye ẹja tó jẹ. A ń fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí a ń fi rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́, ọkàn ẹni ti gbà á gbọ́ tipẹ́.

Ní ọdún yìí, lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, a ṣí ibú. Lọ́dún tó kọjá, apẹ̀rẹ̀ mọ́kànlá la kó lọ sí mọ́sáláṣí láti pín. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pé mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó pariwo. Kálukú ń fọ àwọ̀n rẹ̀, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo inú aládùúgbò rẹ̀. Alága wa, Datuk Malintang, tó jẹ́ olóyè ìdílé rẹ̀, kàn sọ pé, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Láti ọjọ́ yẹn la ti ń wá ẹni tí a ó fi ọ̀rọ̀ náà lé lórí. Gbogbo wa la rí i lóṣù bíi mélòó kan ṣáájú pé àgbàrá ya ọgbà oparun fún ọjọ́ méjì gbáko, gbogbo wa la jọ tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Olè la ń wá, a kò wá òjò.

Fèrèsé Ìyá Elmiyarti ló kọjú sí ọ̀nà odò. Bó bá ń ṣe àlùwàlá ní àfẹ̀mọ́jú, kò sí ẹni tó lè gba ọ̀nà yẹn kọjá kó má rí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí a ṣí ibú ló bẹ̀rẹ̀ sí í fiyè sí Bustamam tó ń bọ̀ láti ìdí ọgbà oparun, àpò ìrẹsì léjìká, omi ń kán tó tó lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní iṣẹ́ aṣọ́bùú náà ni. Ọjọ́ kejì, ó rí i. Ọjọ́ kẹta, ó mú ìwé ẹgbẹ́ tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé, ó kọ ọjọ́ àti wákàtí síbẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí ojú ìwé méjì fi kún. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo lòun sọ ọ́ fún. Ẹ sì mọ bí ẹnì kan ṣoṣo ti ń pọ̀ nílùú wa. Kó tó di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù kọfí pé àwọn rí ìrù ẹja tó yọ lẹ́nu àpò.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ aṣọ aláwọ̀ ewéko. Ìyá Elmiyarti wá ra ata lóko yín, ó sì rí i pé àgékù aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi so igi ata kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀pá rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún igi. Aṣọ ẹgbẹ́ wa ni. Òun ló rán an, ilé rẹ̀ nìkan ni àgékù rẹ̀ wà, nínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó wò ó títí, kò béèrè. Ó san ata rẹ̀, ó lọ sílé, ó lọ wo agbọ̀n náà, ó rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó wá dá a lójú pé ẹni tó ń jí ẹja ti ń wọlé òun. Ó ra kọ́kọ́rọ́ tuntun sílẹ̀kùn. Ìyá Rosmanidar, ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin lẹ wọn ata fún un. Ká ní ó bi yín pé níbo lẹ ti rí aṣọ yìí, ìwé wa ì bá má gùn tó báyìí.

Ìgbà tó yá ni inú Bustamam bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kí la tún fẹ́ gbọ́? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pa ọmọ jẹ? Bí a ṣe ro ó nìyẹn, àwa àgbàlagbà tó mọ̀wé, tó mọ Kùránì. Ó ń wọ jákẹ́ẹ̀tì ńlá nínú oòrùn. A ní ẹ rí i, ó ń fi í pamọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n bí atalẹ̀ pupa. A ní ẹ̀rí ọkàn ni kò jẹ́ kó sùn.

Jímọ̀ kan lẹ́yìn ọdún Iléyá, a pè é sí gbọ̀ngàn ìlú. A rán ọkùnrin méjì lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà odò, kí àpò náà lè bá a wá. Ó wá. Ó gbé àpò sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, omi ń ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó sì ń rùn. A ní ẹja tó ti bàjẹ́ ni.

Datuk Malintang bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Bustamam, tú àpò yìí ká lè sinmi."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Datuk, kì í ṣe ẹja. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ìyá Elmiyarti ló dá a lóhùn. A kọ ọ́ síbí bó ti sọ ọ́, torí ó ní kí a má yọ ohunkóhun kúrò: "Ìbúra ti wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Òun náà la ń wò lára yín yìí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olóògbé wo Ìyá Elmiyarti fún ìgbà pípẹ́, kò bínú, ó dà bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan. Lẹ́yìn náà ló fi orúkọ ọmọ Ìyá Elmiyarti pè é, ó ní, "Ìyá Resmi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tú u."

Ẹ̀bẹ̀ olè la pè é. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, kì í ṣe é kó. Àwọn ọmọ arábìnrin rẹ̀ wà ní ìjókòó, a kì í sì í fipá tú ẹrù àgbàlagbà níwájú ọmọ arábìnrin rẹ̀ nílẹ̀ wa, ìdí nìyẹn tí a kò fi fọwọ́ kan àpò náà. A ka ìyẹn sí àánú. A gba kọ́kọ́rọ́ ahéré aṣọ́bùú lọ́wọ́ rẹ̀, a ní kó lọ ronú. Láti ọjọ́ náà, bó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kọfí, gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì á rántí iṣẹ́ tó kù nílé. Ìyá Elmiyarti sì kọ ọ́ sínú ìwé pé láìní kọ́kọ́rọ́, ó ṣì ń lọ sódò ní àfẹ̀mọ́jú.

Ẹ̀yin ẹbí ti gbà kí agbẹ̀bí ilé ìwòsàn kékeré wa sọ ohun tó mọ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun sọ fún olóògbé pé ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, pé omi ló wà nínú rẹ̀, kó tètè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó dáhùn pé, "Bí mo bá gbé inú yìí wọ ọkọ̀, kí ọkọ̀ tó dé títì, gbogbo ìlú á ti ní ìbúra ló mú mi. Àwọn ọmọ mi ló máa gbé e kiri. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fà ná." Ó ń dúró kí inú rẹ̀ fà kó tó lọ tọ́jú inú náà. Ó dúró fún oṣù méjì. Ọrùn wa ni oṣù méjì yẹn wà, a kò ní tì í sórí àìsàn.

Ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni ìtìjú wa tó tóbi jù. Nígbà tí a gbé òkú rẹ̀ sílẹ̀, lèmọ́ọ̀mù yíjú sí wa, ó béèrè ohun tí a ń béèrè lórí olúkúlùkù: "Ẹ̀yin ènìyàn, irú ènìyàn wo ni ẹni tó wà níwájú yín yìí?" Ẹ̀yin mọ̀ pé kì í ṣòro dáhùn. A ti dáhùn rẹ̀ fún ọ̀mùtí, a ti dáhùn rẹ̀ fún ọkùnrin tó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀ ní ìlú mẹ́ta. Ènìyàn rere ni, á sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n fún Bustamam, a dákẹ́. Ẹnì kìíní ń dúró de ẹnì kejì. A gbọ́ omi odò láti ibi tí a dúró sí. Hendri, ọmọ rẹ̀, gbójú sókè, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń wo ilẹ̀. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló kùn ún lẹ́yìn pátápátá, lèmọ́ọ̀mù sì yára gbàdúrà kó lè bo wá láṣìírí. Ìyá Rosmanidar, a mọ̀ pé ẹ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà láti inú ilé. Nítorí rẹ̀ lẹ ṣe dá ìrẹsì padà.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn ìsìnkú, ẹnì kan sáré wá sọ pé omi ti kún bo ọgbà oparun láìsí òjò. A kó ara wa lọ. Ìlédìí ọmọ ni, irú èyí tí a ń lò dànù, tó ní ọ̀rá lẹ́yìn. Wọ́n ti mumi yó, wọ́n funfun, wọ́n tóbi bí ìrọ̀rí, wọ́n tò jọ sẹ́nu ọgbà débi pé omi kò rí ọ̀nà gbà. Àwọn ẹja ń yọ ẹnu sókè lẹ́yìn rẹ̀, ń mí. A ń bi ara wa léèrè pé níbo ni nǹkan yìí ti dé lójijì. Kò dé lójijì. Ojoojúmọ́ ló ń dé, ẹni tó ń kó o ló ti kú.

Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn ìyá wa kọ́ wa: a kì í sun ìlédìí ọmọ, kí ìdí ọmọ má baà bó. Ìyá Elmiyarti náà sọ ọ́ fún Resmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, lọ́jọ́ tó bímọ. Ó tún sọ fún un pé kò gbọdọ̀ jù ú sí àgbàlá, torí òórùn àti ajá. Ibi tí ó wá yẹ kó jù ú sí, kò sọ. Obìnrin tó kọ òfin pé ẹni tó bá da ìdọ̀tí sódò yóò fi ewúrẹ́ kan àti àpò sìmẹ́ńtì méjìlá tanràn, tó sì ń kọ wákàtí tí ọmọ ẹlòmíràn ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ kọjá, kò bi ọmọ rẹ̀ léèrè lọ́jọ́ kan pé ìlédìí ń wọlé, ibo ló ń gbà jáde.

Òun ló wọ omi lọ fa èyí tó sún mọ́ ọn jù. Resmi ti ká a dáadáa, ó ti fi òkúta sí i kó lè rì, ó sì ti fi àgékù aṣọ aláwọ̀ ewéko so ó. Aṣọ ẹgbẹ́ wa, láti inú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá Elmiyarti jókòó sínú omi tòun taṣọ rẹ̀. A rò pé ara rẹ̀ kò yá.

Láti ibẹ̀ ló ti wá bá yín, Ìyá Rosmanidar, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ̀ ń ká ata. Ohun tí ẹ jọ sọ, ó ti sọ fún wa, ẹ sì ti ní kí a kọ ọ́.

Ó ní, "Ṣé Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé ilé wa ló ti ń wá?"

Ẹ ní, "Láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ ọmọ-ọmọ yín lórúkọ ni wọ́n ti mọ̀."

Ẹ mú un lọ sẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ fi kòtò hàn án, ìlédìí, erùpẹ̀, eérú, ìlédìí, erùpẹ̀, eérú, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó hù ní etí rẹ̀ tó sanra ju tẹnikẹ́ni lọ. Ìlédìí ilé méje ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ sì mọ ilé mẹ́fà yòókù, àmọ́ wọ́n ti wá fẹnu ara wọn sọ ọ́, a kò ní dárúkọ wọn. Ẹ sọ fún un pé aṣọ tí olóògbé fi ń so ata, ńṣe ló ń fọ̀ ọ́ tó ń sá a, pé ó ní aṣọ tó dáa ni, kò yẹ kó ṣòfò.

Ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi? Kí ló dé tí wọn ò tú àpò yẹn sí mi lójú?"

Ẹ kó ata sínú apẹ̀rẹ̀ tán, ẹ wá ní, "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ òfin ibú. Tí òfin bá mú ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ kejì ni bátìrì máa padà sódò. Wọ́n ní ọmọ kì í lo ìlédìí títí ayé, kí a jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ìgbẹ́ yà."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bustamam mọ òwe yẹn bí àwa náà ti mọ̀ ọ́n. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ dí ibi tí omi ti fẹ́ ya, ó ń retí kí ọmọ kan dàgbà. Ọmọ náà pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ tí Bustamam kú.

A mọ̀ pé ẹ lè fura sí ìwé yìí náà. Ẹ ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹgbẹ́ tó fi ojú ìwé méjì kọ ẹ̀sùn ẹni tó ń tún odò rẹ̀ ṣe, kí ló dé tí ẹ ó fi gba ojú ìwé mìíràn tó bá kọ gbọ́? Nítorí náà, ohun tí a ti ṣe la ó sọ. Ìyá Elmiyarti ti mú ewúrẹ́ wá, ó sì ti mú sìmẹ́ńtì méjìlá wá. A ti fi sìmẹ́ńtì náà tún ọ̀nà ọgbà oparun ṣe, níbi tí olóògbé ti máa ń yọ̀ ṣubú, tí a kò bìkítà. Ó fẹ́ fi ipò akọ̀wé sílẹ̀. A ní rárá, kí ó kọ èyí ná. Òun ló ń lọ sídìí ọgbà ní àfẹ̀mọ́jú báyìí, apẹ̀rẹ̀ tó ṣí lẹ́nu ló ń gbé, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wò lè wò. Àwọn kan ti ń yọjú ní fèrèsé láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní kí a jẹ́ kí wọ́n máa wò. Ó ti fi àgékù aṣọ rán ìlédìí tó ṣe é fọ̀ fún gbogbo ilé tó ní ọmọ lọ́wọ́, àwọn ìyá àgbà sì ti gbà pé aṣọ tí a kò sun kò lè bó ọmọ nídìí.

Lèmọ́ọ̀mù àti àwọn àgbà ti yọ ọ̀rọ̀ inú wíwú kúrò nínú ìbúra ibú. Ara ènìyàn, Ọlọ́run ló ni ín, a kò ní fi í ṣe ẹlẹ́rìí mọ́. Ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ kò bá yá nílùú yìí, ẹgbẹ́ ni yóò bá a wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ènìyàn méjì yóò sì jókòó tì í, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Oko ìrẹsì yín, àwa la ó gbìn ín, àwa la ó kórè rẹ̀ fún yín, títí Hendri yóò fi ní òun tó. A kò pe èyí ní ọrẹ. Kọ́kọ́rọ́ ahéré aṣọ́bùú sì wà pẹ̀lú ìwé yìí. Ọwọ́ yín ni kó wà láti òní lọ. Ẹni tí ẹ bá fún ni yóò máa ṣọ́ ibú.

Ó ku ohun kan, òun ló mú wa kọ̀wé. Lèmọ́ọ̀mù bi wá léèrè níwájú òkú rẹ̀, a kò dáhùn. A ti bẹ̀ ẹ́ pé bí a bá ti ka ìwé yìí dé ibi tí a wà yìí, kí ó dìde, kí ó tún béèrè, kí gbogbo ìlú sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ohùn wọn lè dé inú ilé tí ẹ jókòó sí. Àmọ́ bí atẹ́gùn bá gbé e lọ, tí ẹ kò gbọ́ ọ, a kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: ènìyàn rere ni Bustamam. Ó dára jù wá lọ, a mọ̀ ọ́n, a sì dákẹ́.

Kí Ọlọ́run Ọba dárí jì í, kó sọ sàréè rẹ̀ di ibi ìtura, kó fi Àlùjánnà ṣe ibùgbé rẹ̀. Kó tu Ìyá Rosmanidar nínú, kó ṣe baba fún Yulfitri àti Hendri, kó má jẹ́ kí ilé náà tutù. Kó mú ìfura kúrò lójú wa. Kó má sì jẹ́ kí a máa wo ilẹ̀ mọ́ bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè nípa aládùúgbò wa. Àmín.

Datuk Malintang, alága
Elmiyarti, akọ̀wé, ìyá Resmi, ìyá àgbà ọmọ náà